Ìdí Tí N Kò Fi Dágbére ní Gbégamey

Ọjà-Ọ̀dán,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 1962.

Adélékan ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ọláníkẹ́ ìyàwó rẹ, mo kí Ayọ̀délé àti Monísọ́lá. Ṣé ara yín le? Ṣé ọjà ń tà? Ọlọ́run tí ó mú mi kọjá bodè lọ, tí ó sì mú mi kọjá bọ̀, yóò máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún, kò sì ní jẹ́ kí òkun yẹn gbójú lé ilé yín. Ara tèmi ń ṣe bí ó ti máa ń ṣe. Orúnkún òsì ń dùn mí, ti ọ̀tún sì ti ń múra sílẹ̀. Òrùlé yàrá mi ń jò níbi mẹ́ta. Ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n mi Modúpẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú, ẹ̀rù èkejì sì ń bà mí.

Mo gba lẹ́tà tí o fi béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe mí ní ilé rẹ ní Gbégamey, ní Kútọnu, tí mo fi di ẹrù mi, tí mo sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde láìdágbére. O ní Ọláníkẹ́ ń sunkún, ó rò pé ọbẹ̀ òun ni. Sọ fún un pé kì í ṣe ọbẹ̀. Ọbẹ̀ rẹ̀ dára, àfi búrẹ́dì gígùn bí ọ̀pá yẹn, tí Ayọ̀délé máa ń há sí abíyá bọ̀ láti ọjà láìfi nǹkan kan wé e, tí ẹ ó sì ní kí n jẹ. Mo jẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni mo fi jẹ ooru abíyá ọmọ rẹ.

Láti Ìdíròkò ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Bàbá mi rìn ní ọ̀nà yẹn lọ ta ẹ̀pà ní Àjàṣẹ́, kò sí ẹni tí ó bi í pé ta ni. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí àwa ti gba òmìnira, tí àwọn náà ti gba tiwọn, òmìnira méjèèjì ti dá igi méjì sójú ọ̀nà, ọlọ́pàá kan sì ń bẹ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́pàá kejì fún mi ní bébà pélébé kan, ó ka ìka mẹ́jọ fún mi, ó sì bá ẹnì kan wá tí ó túmọ̀ rẹ̀: bí mo bá lò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ, kí n lọ fi ara mi hàn ní ọ́fíìsì kan ní Gáńhì, kí n sì dárúkọ ọmọ tí mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fi bébà yìí hàn ọ́ lọ́jọ́ tí mo dé. O ní, Bàbá, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Mo tún fi hàn ọ́ lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ karùn-ún, lọ́jọ́ keje. Ìjókòó yẹn náà ni o ní kí n jókòó.

O sì mọ̀ pé n kò lè jókòó ti bébà ìjọba. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù ní Ìláròó. Èmi tí mo kàwé dé ibi tí àwọn ẹgbẹ́ mi kò dé, Kútọnu sọ mí di púrúǹtù. Mo ń wo lẹ́tà tí mo mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lára ògiri, gbogbo wọn kọ̀ láti bá mi sọ̀rọ̀. Apá ọ̀tún ni ọkọ̀ yín ń gbà. Èmi tí apá òsì mọ́ lára, ibi tí ọkọ̀ kò ti ń bọ̀ ni mo ń wò, wọ́n sì ń fun fèrè mọ́ mi lẹ́yìn. Monísọ́lá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rò pé etí ló ń dun ọmọ náà, mo bá kán òróró gbígbóná sí i létí. Ìgbà tí ó ti ké ni Ọláníkẹ́ tó sọ fún mi pé ìkíni ni. Tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù rẹ dún nígbà tí o jáde. Mo ṣí fìlà, mo kí ẹni náà, Faransé ló ń sọ. Mo ní kí ó dúró dè ọ́, mo sì gbé e lé orí àga tìmùtìmù, n kò dá a padà sí ibi tí mo ti gbé e, kí ẹni náà má baà rò pé mo lé òun. O bínú sí mi ní ìrọ̀lẹ́ pé láti àárọ̀ kò sí ẹni tí ó lè pè ọ́. Mo ṣe é kí n má baà rí ọ fín ni.

Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá. Mo ti ń rí ara mi nínú ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n ń fi búrẹ́dì yẹn bọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, bí o ti jáde, mo wọ ẹ̀wù kóòtù dúdú tí mo fi fẹ̀yìn tì, mo fi bébà náà han onítakísí, ó sì gbé mi dé ibẹ̀.

Jímọ́ọ̀ ni orúkọ akọ̀wé tí mo bá, Nàgó ni, Yorùbá apá ibẹ̀, ọmọ Pobè. Inú mi dùn bí ẹni tí ó rí àbúrò rẹ̀ láàárín ọ̀tá. Mo ní èmi ni bàbá Adélékan tí ó ń ta aṣọ ní Gbégamey, mo wá fi ara mi hàn. Ó gbé fáìlì rẹ jáde, ó fi ìka tọ́ ọ, ó wò mí, ó tún fi ìka tọ́ ọ. Ó ní, Bàbá, ẹ má bínú o, bàbá ẹni yìí ti kú. Mo ní èmi nìyí. Ó ní, Mo rí yín, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ ti kú láti 1949. Obìnrin tí ó jókòó tì mí gbé agbọ̀n rẹ̀, ó sún lọ sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní bí mo bá ń padà lọ, kí n bá òun kí bàbá òun.

Jímọ́ọ̀ wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní nígbà tí o ń gba ìwé ìgbélùú ní 1956, wọ́n béèrè ìwé ọjọ́ ìbí bàbá rẹ, o kò rí i mú wá. Wọn kì í sì í béèrè ti ẹni tí ó ti kú. Ó ní kì í ṣe ìwọ nìkan. Òun ti rí tó ogójì òkú tí ó ti òkè bodè wá kí ọmọ. Ó wá bi mí pé kí ni kí òun kọ. Bí òun bá kọ pé mo wà láàyè, a jẹ́ pé o purọ́ fún ìjọba, wọn yóò gba ìwé rẹ, ìwọ, ìyàwó, ọmọ àti ìgàn aṣọ yóò padà sí bodè. Bí òun bá fi mí sílẹ̀ bí mo ti wà, kò sí wàhálà.

Adélékan, mo wo ọwọ́ mi lórí tábìlì yẹn, ọwọ́ tí ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sínú ìwé. Mo ní mo ṣì í sọ ni, pé àbúrò olóògbé ni mí. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo buwọ́ lù ú. Ó kí mi kú àráfẹ́rakù ẹ̀gbọ́n mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ délé rẹ kí n máa sọ pé ó dàbọ̀.

N kò bínú pé o wá ìwé. Ọdún tí o mú ni ó ń ká mi lára. Ní 1949 ni mo gun kẹ̀kẹ́ láti Ìláròó wá bá ọ nílé, tí mo gbé owó tí o fi ra ìgàn aṣọ àkọ́kọ́ lé ọ lọ́wọ́. Nínú gbogbo ọdún tí Ọlọ́run dá, o kò rí òmíràn pa mí sí. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí o torí rẹ̀ pa mí, ṣílè márùn-ún ni wọ́n ń ṣe é ní kóòtù, èmi fúnra mi ti kọ ọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. O kò bi mí léèrè.

Ohun mìíràn tún ń dà mí láàmú. Bí fáìlì yẹn bá rìn dé Ìbàdàn, ṣé wọn kò ní dá owó ìfẹ̀yìntì mi dúró, kí wọ́n sì ní kí n dá gbogbo èyí tí mo ti gbà padà? Bí mo bá sì wá kú lóòótọ́, kí ni o fẹ́ sọ fún wọn kí o tó wá sin mí? Wọn yóò bi ọ́ pé bàbá mélòó ni o ní.

Nítorí náà mo ti lọ sí kóòtù. Modúpẹ́ búra níwájú adájọ́ pé òun wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, ọdún tí eṣú jẹ oko. Ìwé náà wà nínú àpòòwé yìí. Má tíì fi hàn wọ́n. Tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí òjò kò ti ní pa á, títí ọjọ́ tí o bá lè dúró níwájú wọn kí o sì ní bàbá. Fi pọ́n-ùn mẹ́ta rán Rájí awakọ̀ sí mi, kí n fi ra páànù òrùlé. Kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn àpòòwé owó náà. Orúkọ tèmi, kì í ṣe ti àbúrò olóògbé.

Ó ku ohun kan. Kí Jímọ́ọ̀ tó pa fáìlì dé, ó ka ìyókù sí mi létí. Ó ní ìyá rẹ wà láàyè, ní Gbégamey, ó ń ta àkàrà. Òótọ́ ni, ọ̀dọ̀ rẹ ni ó wà nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó padà lọ sọ fún wọn pé a ti sin ín síhìn-ín ní 1959, lábẹ́ igi ọsàn. Má lọ sọ fún wọn. Jẹ́ kí ó máa ta àkàrà rẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí, àwọn ọmọ rẹ kò ní fi ìwé sin ọ́ láàyè, wàá dàgbà lójú wọn. Bí o bá kọjá níbi tí ìyá rẹ máa ń jókòó sí ní Gbégamey, bá mi kí i. Níhìn-ín òun ni ó kú, èmi ni ó kù. Lọ́hùn-ún èmi ni ó kú, òun ni ó kù. Sọ fún un pé mo wá, ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò, n kò rí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.