Ojú Ṣẹ̀rífátù Kì Í Ṣe Ojú Ìyá Ẹnikẹ́ni
Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé Ṣẹ̀rífátù Àbẹ̀kẹ́ Oríyọmí (1970–2008), fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí olóògbé sí, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 1970, ní agbo ilé Adéòjó létí ọ̀sà. Bàbá rẹ̀ ni olóògbé Bísíríyù Adéòjó, apẹja tí gbogbo etí omi mọ̀. Ìyá rẹ̀ ni Alàájà Mùsílímátù, tó ń yan ẹja tà, tó sì jókòó níwájú yín lónìí. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ọmọ náà kéré, ó fà sẹ́yìn, ó sì wọ́ sí apá òsì. Ọdún tó ṣáájú ni ìyá bàbá rẹ̀ kú, ẹnu tirẹ̀ náà sì wọ́ nígbà tó kú. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Alàájì Adéòjó, bá pariwo pé, "Ìyá mi ti dé!" Bí ọmọ ṣe di Yétúndé nìyẹn, kó tó gba orúkọ mùsùlùmí.

Láti ìgbà tó ti ń rákòrò ni àwọn àgbà ilé ti ń pè é ní "Ìyá mi," tí wọ́n ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá se ẹja, orí ẹja ni ti ìyá. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè bí ọmọ tí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò pàdé ṣe fẹ́ jẹ orí ẹja. Ẹ̀kọ mímu àti omi ọbẹ̀ ló fi dàgbà. Bó bá sùn, á máa han-an-run bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Wọ́n ní ìyá ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Ó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní 1976, ó sì parí ní 1982. Ó ka Kùránì já ní ilé kéú. Gbangba ni wọ́n ti ṣe wòlímọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n ti ṣe tirẹ̀, wọ́n ní ìyá ilé kì í jáde síta bẹ́ẹ̀.

Ní 1993, ó kó wá sí Ìkòròdú, ó rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kó máa fi aṣọ bo ẹnu bí àlejò bá fẹ́ wá. Ibẹ̀ ló ti pàdé Sànní Oríyọmí, tó ń wa bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Wọ́n ṣe yìgì ní 1998, wọ́n sì ń gbé ní Ìgbògbò. Nígbà tí ẹbí ìyàwó sọ fún Sànní pé ìyá àwọn ló fẹ́ gbé yẹn, ó ní, "Mi ò fẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni o. Ṣẹ̀rífátù ni mo wá fẹ́."

Ní 2003, dókítà ní ọsíbítù ńlá kan l'Ékòó ní iṣẹ́ abẹ lè mú àgbọ̀n náà gùn, kó sì tọ́. Wọ́n ní kí ẹbí mú ẹni méjì tí yóò fún un ní ẹ̀jẹ̀ wá, kí àgbà ilé kan sì bá a fọwọ́ síwèé. Ẹbí pe ìpàdé. Alàájì ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú, a ò lè tún ojú yín dá." Olóògbé ní, "Tó bá jẹ́ pé èmi ni ìyá yín lóòótọ́, kí lẹ wá ń ṣe lórí àga nígbà tí mo wà lórí ẹní? Ìyá yín ló ní kẹ́ ẹ fún òun lẹ́jẹ̀ yìí o!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò dìde.

Alàájà Mùsílímátù ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Ìyá ọkọ mi pé àádọ́rin ọdún kí ẹnu rẹ̀ tó wọ́. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló fà á. Àìsàn lẹ̀ ń júbà fún látọjọ́ yìí, kì í ṣe ìyá yín." Wọ́n ní kó panu mọ́, pé ìyàwó tó ti òde wá ni òun.

Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi dúró. Ní 2006, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, tí wọn kì í ṣe ìbátan rẹ̀ rárá, ló fún un ní ẹ̀jẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ síwèé dípò àgbà ilé. Wọ́n gé egungun àgbọ̀n náà, wọ́n fi irin kan sí i, ọkọ rẹ̀ sì ń fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí irin náà láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kí egungun máa gùn díẹ̀díẹ̀. Bó bá dùn ún, á sọ fún un pé, "Bàbá Waliyah, èmi kì í ṣe bọ́ọ̀sì o, ẹ rọra." Nígbà tí wọ́n yọ irin, ó jẹ àgbàdo sísun kan tán lójú títì n'Ìgbògbò, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó di ẹni tó ń ka Kùránì sókè fún ẹgbẹ́ àsàlátù. Ó mú ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ lọ sí ọsíbítù, láti Ìbẹ́ṣẹ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́.

Ó kú ní ọjọ́ Alàmísì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, ọdún 2008. Àwọn tó kọ ìwé yìí ò ní kọ "àìsàn ránpẹ́" síbí. Àìsàn tó gba ọdún méjìdínlógójì kì í ṣe ránpẹ́. Dókítà ní àgbọ̀n tó fà sẹ́yìn yẹn ló ń dí ọ̀nà èémí rẹ̀ bó bá ti sùn, láti kékeré. Ọkàn rẹ̀ ti jà títí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ abẹ náà dára. Ó kàn pẹ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín ní 2003, tẹ́ ẹ wá ń sunkún lónìí, ẹ fi omijé yín sápò.

Ó fi ìyá, ọkọ, àti ọmọ méjì sílẹ̀: Waliyah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Fàwáz, ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò dàgbà tó láti rí ọmọ-ọmọ.

Ṣẹ̀rífátù, ọmọ Bísíríyù, sùn dáadáa. Kí Ọlọ́run fẹ sàréè rẹ. Èémí ò ní há mọ́ ọ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Wùnmí, ọmọ ọdún méje, ọmọ tí Bísọ́lá ọmọ Alàájì bí, ní irú àgbọ̀n yìí. Yétúndé ni Alàájì ń pe òun náà, bí ẹni pé ìyá kan ṣoṣo pín sí méjì. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú olóògbé, Alàájì wá wò ó ní ọsíbítù, ó ní, "Ìyá mi, ṣé ara ń mókun?" Olóògbé ṣí ohun tó fi ń mí kúrò lẹ́nu.

"Ṣẹ̀rífátù ni mí, Bàbá. Ogúnjọ́ oṣù yìí ni wọ́n máa gba Wùnmí wọlé ní ọsíbítù fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a lọ."