Àwọn Ẹlẹ́rìí Tí Mo Ń Kó Bọ̀ ní Agbowó

Abà Ìdí-Ọsàn,
Ọjọ́bọ̀.

Qonitah ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Àlàáfíà kí ó máa bá ọ gbé ní Agbowó níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé omi ń yọ nílé tí ẹ gbà? Àwa náà ń bẹ láàyè, ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ewúrẹ́ funfun ti bí ìbejì, alihamudulilahi. Adéróunmú tó ń bọ̀ ní ọjà Bódìjà ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù lọ́jọ́ Ajé kò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé fún mi. O ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n márùn-ún yóò jókòó lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò da ìbéèrè bò ọ́ lórí ìwé tí o fi ọdún márùn-ún kọ kí wọ́n tó pè ọ́ ní dókítà, ẹ̀rù sì bà ọ́ débi pé o fẹ́ yọ ìwé náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Má yọ ọ́ o! Ìwé yẹn ti jàre ẹjọ́ níbí.

O mọ Ògúnjìmí tó ń sọ pé oko kòkó wa létí odò, ti bàbá òun ni. Ó gbé ìwé kan wá tí wọ́n fa ilà pupa sí, ó ní ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n láti ojú ọ̀run. Mo wo ìwé náà títí, mi ò rí igi kòkó kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Baálẹ̀ pè wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi ò ní ìwé kankan, àfi ohùn rẹ tó wà nínú fóònù, mo bá tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Bí o ṣe ní ẹ kúùrọ̀ bàbá, gbogbo ilé ló dá ọ lóhùn, Baálẹ̀ tiẹ̀ bi ọ́ léèrè ìgbà tí o máa mú ọkọ wálé, ìwọ ò dúró, ò ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ ni, mo wá bá ọ tọrọ àforíjì pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ.

O ní tí a bá wo ìdí ayé débi tó kéré jù lọ, níbi tí ẹ ń pè ní kúáńtọ́mù, ibi kò sí níbẹ̀, ìgbà kò sí níbẹ̀. Àwọn nǹkan wínníwínní kan ló wà tí wọn ò sí níbì kankan, wọ́n kàn so mọ́ ara wọn, ìsomọ́ra yẹn ló ń bí ibi, tó ń bí ìgbà. Ògúnjìmí sì ń tẹnu mọ́ ọn pé bàbá òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Mo bi í pé ta ni í kọ́kọ́ dé níbi tí ìgbà kò sí? Èmi fúnra mi ti fura tẹ́lẹ̀ pé jíjìn kì í ṣe nǹkan tó dúró sójú kan. Nígbà tí mo wá kí ọ, láti Challenge dé Dùgbẹ̀ gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, ọ̀nà kan náà gba wákàtí méjì nírọ̀lẹ́, kò sì ya awakọ̀ takisí Máíkírà yẹn lẹ́nu rárá.

Baálẹ̀ ní bí ibi kò bá sí ní ìpìlẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ni oko? Mo ní bó ṣe wà nínú ìwé ọmọ mi ni, ká wo ẹni tó so mọ́ ẹni. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe àwọn tó yí oko náà ká, bí a ti máa ń ṣe kí ẹ̀rọ ojú ọ̀run tó dé. Akínsànyà ní èmi lòun bá pààlà. Ìyá Fẹ̀hìntọlá ní èmi lòun bá pààlà. Nasir ní bàbá òun ló bá bàbá mi pààlà. Ẹ̀gbẹ́ kẹrin, odò ni. Kò sí ẹni tó dárúkọ Ògúnjìmí. Oko wá jáde láti ẹnu wọn lójú gbogbo wa, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé! Baálẹ̀ dá mi láre, mo sì jó délé, èmi tí orúnkún ń dùn.

Nítorí náà, ọ̀jọ̀gbọ́n tí o ní ó máa bi ọ́ pé bí ibi kò bá sí ní ìpìlẹ̀, níbo lo dúró sí tí o fi rí ẹ̀rí rẹ, má bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Sọ fún un pé orí ibi tí ìsomọ́ra yẹn bí náà lo dúró sí. Nǹkan tó ti ara nǹkan mìíràn jáde kì í ṣe irọ́. Lánàá ni mo ká kòkó lórí oko yẹn, ó kún agbọ̀n méjì. Ìwọ náà, o ò sí títí èmi àti ìyá rẹ fi so pọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n wo ló máa jókòó síwájú rẹ tó máa ní o ò sí?

Ìgbẹ́jọ́ kì í lọ láìsí ẹlẹ́rìí, torí náà mo ń kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a jọ pààlà bọ̀. Odò kò lè wọ mọ́tò, mo ti bu omi rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kan kí ẹlẹ́rìí kẹrin má bàa dín. Jọ̀ọ́, fi owó mọ́tò èèyàn mẹ́rin àti kẹ́ẹ̀gì kan rán Adéróunmú. Má fi sí báńkì o. Akọ̀wé wọn ní kí n mú ẹ̀rí wá pé mò ń gbé ibi tí mò ń gbé, mi ò sì tíì ráyè ṣàlàyé ìwé rẹ fún un.

Ọlọ́run tó dá mi láre lójú Ògúnjìmí yóò dá ọ láre lójú wọn. Ahọ́n rẹ kò ní wúwo, ojú kò ní tì ọ́. Wàá wọlé ní Qonitah, wàá jáde ní dókítà, àwa yóò sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti aago mẹ́fà àárọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mùkáílà, olóko etí odò.