Ìjà Tí Kò Kan Dáúdà

Ìyá Ràfíù,

Bí o bá ti ọjà dé tí o kò bá ọkọ rẹ nílé, kóòtù ló tún padà lọ. Jọ̀ọ́, kọ́kọ́ jẹun kí o tó bínú. Lẹ́yìn náà, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ Bíọ́dún, tó ṣe onídùúró fún un ní kóòtù, pé kó tètè wá bá a níbẹ̀.

Dáúdà ò pẹ́ o. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ló ti dé ẹnu ọ̀nà kóòtù, nínú bùbá funfun tí o fọ̀ fún un. Ibẹ̀ ló ti rí tọkọtaya kan tí wọ́n di ara wọn láṣọ mú. O ṣáà mọ̀ pé ìjà tó lọ là nídìí rélùwéè Òṣòdì, tó sì gbá èèyàn létí, ni adájọ́ torí ẹ̀ ní kó máa wá fojú hàn lóṣooṣù, kó sì jìnnà sí ìjà oníjà. Ọ̀ràn kì í kúkú yẹ̀ lórí alábahun. Ó parí ìjà náà, wọ́n ṣàdúrà fún un. Nígbà tó máa fi wọlé, wọ́n ti pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Akọ̀wé ní bí kò bá mú ẹlẹ́rìí pé ó tètè dé àti ìwé onídùúró ẹ̀ wá kí aago méjì tó lù, ẹ̀wọ̀n ni.

Ìwé ló wá mú nílé. Tọkọtaya náà tẹ̀ lé e wá láti jẹ́rìí, wọ́n sì ti ń jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ọkọ rẹ ò dá sí i. Ó kàn ní kí ọkùnrin náà jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ ṣáájú ni, bùbá funfun yẹn sì ti ya.

Èmi ni,
Dáúdà onílàjà