Oje Igi Ọdán Lórí Mọ́tò Mi

Bàámi tó sọ mí lórúkọ,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ni lọ́hùn-ún, ẹ káàárọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Èmi ò mọ̀, kò sì sí ẹni tó ti ibẹ̀ dé tí mo lè bi.

Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n n kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ èyí. Bísí ọmọ mi ní kí n máa sọ ọ́, kí òun máa tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá mi kì í ṣe ohun tí fóònù yóò máa gbọ́. Bí ìlà bá wọ́, ẹ bá mi fi ojú tọ́ ọ.

Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní oko rọ́bà, tí ẹ máa ń fi ọ̀bẹ kọ ara igi kí oje rẹ̀ lè máa kán sínú ife, kí ni ẹ fi ń bọ́ oje náà kúrò lọ́wọ́? Mo rántí òórùn rẹ̀. Mo rántí ṣòkòtò iṣẹ́ yín tó máa ń dá dúró bí ènìyàn nígbà tí ẹ bá bọ́ ọ, torí oje ti gan mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín máa ń mọ́. Ẹ máa ń fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kí ẹ tó jókòó, kì í sì í lẹ̀. Báwo ló ṣe ń mọ́? Gbogbo ẹni tí n bá bi ló ti tẹ̀lé yín lọ. Màámi wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Bí ẹ bá ti gbàgbé, ẹ bá mi bi wọ́n.

Ìdí tí mo fi ń bèèrè ni pé mo ti ní mọ́tò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bísí, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Odògbolú, ra tuntun, ó sì fún mi ní èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ó funfun báláú. Làmídì àdúgbò wa, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hewú, ló máa ń fi gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọsibítù, lẹ́yìn náà yóò padà sídìí kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀. Abẹ́ igi ọdán tí ẹ gbìn sí ojúde ni a ń gbé mọ́tò náà sí. Igi yẹn ti di ńlá, Bàámi. Bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní mọ̀ pé òun ni. Àwọn ẹyẹ ń jà lórí èso rẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀ka wẹ́wẹ́, oje ibẹ̀ sì ń kán sórí mọ́tò.

Mo jókòó tì í, mo wò ó dáadáa. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán, ó funfun bí omi ọmú. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti pọ́n rúsúrúsú. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti dúdú, ó sì le bí èékánná. Kí ló ń yí i padà bẹ́ẹ̀? Oòrùn ni, àbí inú ló ń bí i pé ó bọ́ lára igi? Alángbá ń sáré kọjá lórí rẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ewé ń já lé e, afẹ́fẹ́ ń gbé ewé lọ. Àfi ọ̀dà mọ́tò nìkan ló dì mú. Ṣé oje igi máa ń yan ẹni tí yóò lẹ̀ mọ́ ni?

Nígbà tí Bísí wá kí mi tó rí i, ó kígbe.

“Màámi! Igi yìí máa ba mọ́tò yìí jẹ́ tán!”

“Ta ló kọ́kọ́ dé ojúde yìí, igi àbí mọ́tò?”

“Mo ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ló máa gbé ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ wá. Ẹ ò rí ẹ̀ka tó ti tẹ̀ sórí páànù ni?”

“Bí mo bá bọ́ oje yìí kúrò ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àwọn tó ń fi fífọ mọ́tò jẹun gan-an ti gbìyànjú, wọn ò rí i ṣe.”

“Ìbéèrè ni mo bi ọ́.”

“Ó dáa, Màámi. Bí ẹ bá lè bọ́ ọ, kí igi dúró.”

Bàámi, ẹ mọ ohun tó wà lára igi yẹn. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa ń dán ọ̀bẹ rọ́bà yín wò kí ẹ tó lọ sóko. Ojú ọ̀bẹ yín ṣì wà níbẹ̀, wọ́n dagun wálẹ̀, èèpo ti bo etí wọn. A ti wó ilé tí ẹ kọ́, a ti kọ́ òmíràn. Ẹ ò ya fọ́tò. Bí n bá fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí ọwọ́ yín kàn, ibẹ̀ ni mo ń lọ. Bísí kò mọ̀. N kò sọ fún un, torí n kò lè máa fi omijé bẹ ọmọ tí mo bí.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọṣẹ ìfọṣọ kò ṣe é ní nǹkan kan. Omi gbígbóná mú un rọ̀, ó wá fẹ̀ káàkiri bí ẹ̀kọ tó dà nù. Mo bu kẹrosíìnì sórí àkísà, mo ń ha á lọ, Làmídì sáré dé.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dà ló ń bọ́ yẹn!”

Mo gbé kẹrosíìnì tì. Nígbà tó lọ tán, mo mú kànìnkànìn àti eérú, mo fi fọ igun kan lára bọ́nẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe máa ń fọ ìdí ìkòkò. Oje lọ. Dídán náà bá a lọ. Ibẹ̀ ṣú bàìbàì bí ojú arúgbó. Làmídì padà dé, ó ká ọwọ́ lérí.

“Mọ́mì! Mọ́tò mà nìyí, kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀!”

“Ṣé kì í ṣe irin làwọn méjèèjì ni?”

Ó gba kànìnkànìn lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sídìí igi, inú ń bí mi sí mọ́tò, sí Bísí, àti sí ẹ̀yin pàápàá tí ẹ kú láìsọ. Ibẹ̀ ni mo wà tí nǹkan kan fi sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń rántí yín, ìgbà tí ẹ bá ti oko dé ni mo ń rò. N kò ro ìgbà tí ẹ ń lọ. Ní ìdájí, ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá kékeré kan, ẹ ó sì fi àdín pa apá yín méjèèjì dé ìgúnpá, bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ tuntun lára. Ṣé torí oje ni? Ṣé ẹ kì í bọ́ ọ rárá, pé kì í tilẹ̀ rí ibi dì mú lára yín? Àbí torí òtútù àárọ̀ lásán ni, tí èmi sì ń fi ọgbọ́n tèmi kún un?

N kò dúró de èsì. Mo ra àdín, èmi àti Làmídì sì fi pa mọ́tò náà láti orí dé táyà. Ibi tí oje ti gbẹ, a pa á nípọn. Àdín dúdú lórí mọ́tò funfun! Làmídì ń pa á lọ, ó ń mi orí.

“Mọ́mì, ṣé gìrì ló gbé mọ́tò yìí ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ohun tí n kò rò ni eruku. Eruku títì gbá mọ́ ọn. Ewé lẹ̀ mọ́ ọn, èso ọdán lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹ́ ẹyẹ, èèrà. Nígbà tí yóò fi di Fráídè, mọ́tò mi dà bí ajá tó yí nínú yẹ̀pẹ̀, ewúrẹ́ ará ẹ̀yìnkùlé sì ń lá táyà rẹ̀.

Bísí dé láàárọ̀ Sátidé. Títì ló gbé tirẹ̀ sí, kó má bàa sún mọ́ igi.

“Màámi, mọ́tò yẹn dà?”

“Òun nìyẹn.”

“Yéè! Ó tún ń rùn!”

“Bí ìwọ náà ṣe ń rùn nìyẹn nígbà tí mo bí ọ.”

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Èmi, òun àti Làmídì fi omi lílọ́ wọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bàámi, oje náà tẹ̀lé àdín! Ó ń yí lábẹ́ àkísà bí ipin ojú. Ṣùgbọ́n ó ku ipa pípọ́n díẹ̀ lórí rẹ̀ tí kò lọ, igun tí mo fi eérú fọ̀ sì ṣú síbẹ̀.

“Kò bọ́ tán, Màámi.”

“Ó bọ́.”

“Ẹ wo ibí.”

“Ojú mi ò ríran débẹ̀ yẹn.”

A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oòrùn wá mú. Bísí lọ mú nǹkan nínú mọ́tò rẹ̀ ní títì, ó jókòó, ó sì fò sókè bí ẹni tó jókòó lórí ẹyin iná. Ó wo igi, ó wò mí. Mo tẹ orí ba ẹ̀gúsí tí mo ń bó. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ó ti wa mọ́tò tuntun rẹ̀ wọ abẹ́ ọdán, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó na ẹsẹ̀ síta.

Orí ìjókòó yẹn ló wà nígbà tí agégi náà dé. Kò dìde.

“Ẹ̀ka tó wà lórí páànù nìkan ni o,” ló wí fún un. “Ẹ ò gbọdọ̀ kan ìyókù.”

N kò dúpẹ́, òun náà kò wojú mi. Ọkùnrin náà gé ẹ̀ka, ó lọ. Bísí ti sùn lọ. Oje ń yọ lójú ibi tí wọ́n gé, ó funfun, ó pọ̀. Atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀, ó sì kán tó! sórí mọ́tò tuntun.

Mo rí i. N kò jí i. Iṣẹ́ ìjọba ti rẹ̀ ẹ́, ibòji yín sì tutù.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó ṣì ń gbá ojúde yín láràárọ̀.