Fìlà Tí Kì Í Jẹ́ Kí N Wálé

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí ẹ ò ti lè mọ̀ bóyá àyà mi kan ilẹ̀. Ara mi le, ẹ má fòyà.

Ẹ ní nígbà tí ẹ túfọ̀ Bàámi fún mi, mo dáhùn bíi pé àjèjì ló kú. Ẹ má bínú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ni. Wọ́n ti ń dé fìlà kan fún àwa awakọ̀ òfuurufú báyìí. Iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ ló ń rán sínú ọpọlọ, kí ọkàn wa má baà kúrò lára àwọn aago tó ń sọ bí bàálù ṣe ń lọ níwájú wa. Kò dunni. Ọ̀gá mi ní èmi ló bá lára mu jù.

Ẹ rántí pé bí bàálù bá ti gòkè tán, ilé ni ọkàn mi máa ń sá wá. Màá jókòó ti Bàámi níbi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe, màá máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú síkúrù tó bá jábọ́. Fìlà yìí ò jẹ́ kí n wá mọ́. Kódà bí mo bá ṣí i nínú yàrá, tí mo dijú, tí mo ń wá wọn, aago nìkan ni mo ń rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ fún mi. Ẹ bú síkúrù kan bí Bàámi ṣe máa ń bú u.

Mo ń jẹun dáadáa. Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ẹ bá mi kí àga Bàámi.