Àwọn Aṣọ Funfun Ara Bàlúùnù Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

A tú bàlúùnù ńlá tí bàbá mi fi ń fò lófuurufú jáde kúrò nínú àpò lónìí, nínú gbọ̀ngàn iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí yóò ṣàfihàn rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti wà ní kíká. A tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn. Aṣọ pupa kan, aṣọ funfun kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti orí dé ìdí. Eku ti jẹ ibì kan. Apẹ̀rẹ̀ tí èrò ń dúró sí kò bàjẹ́ rárá.

Mo pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí yóò sún mọ́ ọn bọ́ bàtà. Àbúrò mi ọkùnrin wọlé tòun ti bàtà, ó ń jẹ bisikíìtì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú lọ wẹ̀ ná?" Mo nàka sí bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Aránṣọ tí yóò tún un ṣe dé. Abẹ́rẹ́ ni n óò máa pè é, nínú ìwé yìí nìkan. Ó tínrín, ẹnu rẹ̀ mú, kì í sinmi. Ó kí mi pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ orin ní etí. Mo dúró títí ó fi yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà — ó gbé aṣọ bàlúùnù sẹ́nu, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i! Ohun ìtàn! Mo bá a wí gidi. Ó ní bí wọ́n ṣe ń dán an wò nìyẹn: èyí tó bá ṣì dára kò ní jẹ́ kí èémí kọjá. Ẹ̀kọ́ ilé ti tán láyé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Bàbá Okùn wá. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Òun ló máa ń so ìdérí ihò orí bàlúùnù pa kí bàbá mi tó gbéra. Gbogbo ilé wa ló gbà pé kò so ó dáadáa lọ́jọ́ ìṣubú: afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbé e tú jáde, bàlúùnù já bọ́, egungun ìbàdí bàbá mi fọ́. Bàbá mi kò fò mọ́ láyé rẹ̀. Wọ́n lé Bàbá Okùn lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí ó bá kí mi, n kì í dáhùn — èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkíni.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun fojú kan bàlúùnù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní kò sí àyè. Àbúrò mi wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Àrà mèríyìírí. Abẹ́rẹ́ ti dán gbogbo aṣọ náà wò tán. Àwọn pupa le koko. Àwọn funfun — ajere ni. Gbogbo wọn pátá.

Mo bi í léèrè ìdérí ihò orí. Ó ní ó ṣì wà bí wọ́n ṣe so ó lọ́jọ́ ìṣubú, kókó méjìlélógún, ọ̀kan kò tú, ọ̀kan kò já. Wọ́n ká a bẹ́ẹ̀ sínú àpò ni. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò tú u wò.

Ó ní, "Mà, aṣọ kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rán wọn. Ẹnì kan ló fọ àwọn funfun yìí, tó ha nǹkan tí wọ́n fi pa wọ́n lára, tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn jò, kúrò. Ta ló ń fọ bàlúùnù, ẹ jọ̀ọ́?" Ó rẹ́rìn-ín.

Mo wá àpótí jókòó lé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Èmi ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

N óò kọ ọ́ bó ti yẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa ń bọ̀ wá wo bí bàbá mi ṣe ń fò. Ìdọ̀tí kì í hàn lára pupa. Ara funfun ló ti ń hàn, ojú sì ń tì mí. Bàbá mi lọ sí ìrìn-àjò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ha àwọn funfun — omi gbígbóná, ọṣẹ líle, búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n funfun báláú. Ọ̀gá àgbà yìn mí, ó ní ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́ ni mí. Kí wákàtí kan tó pé, bàlúùnù ti já bọ́.

N kò ronú kàn án rí. Ọlọ́run gbọ́, n kò ronú kàn án rí. Ta ni yóò rò ó pé ìmọ́tótó lè ṣẹ́ eegun ènìyàn? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Mo sọ fún àbúrò mi. Mo ní n óò kọ lẹ́tà sí Bàbá Okùn. "Lẹ́tà kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo lọ. Yàrá kan, àga méjì, fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Ó ń hun okùn lórí itan. Mo kí i. Ó dáhùn wẹ́rẹ́, bí ẹni pé àná la kí ara wa kẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tó já bọ́. Òórùn ọṣẹ gba gbogbo pápá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ.

"Bàbá rẹ náà mọ̀. Orí ibùsùn ọsibítù ló ti bẹ̀ mí. Ó ní, 'Ọmọ mi ni, bó bá mọ̀, yóò gbé ẹrù ẹ̀bi yìí títí dọjọ́ ikú. Bá mi gbé e.' Mo sì bá a gbé e."

Bàbá mi. Ọdún mẹ́tàlá ló tún lò láyé lẹ́yìn náà. Mo ń bú Bàbá Okùn lójú bàbá mi nídìí tábìlì oúnjẹ. Òun a máa tẹjú mọ́ àwo. A máa ní kí n bu omi fún òun.

Bàbá Okùn ní kí n dìde, kí n bá òun di ìdí okùn mú, nítorí ọwọ́ òun kan kò lágbára mọ́. Mo dì í mú. Ó ní, "Fà á le díẹ̀ sí i." Mo fà á. A wà níbẹ̀ títí ó fi hun ún tán.