Omi Eérú Tó Ta Sí Màmá Lójú

Ọmọ mi, ọkọ mi, ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ò ń sùn bó ṣe yẹ, ṣé ò ń fi nǹkan sẹ́nu kó o tó jáde láàárọ̀? Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní ṣì, omi tí wọ́n ní kí ẹ máa yẹ̀ wò níbi iṣẹ́ yín ò ní gbé ọ lọ. Má bẹ̀rù bó o ṣe rí i pé ìwé yìí ò jọ ìkọ̀wé mi. Àbúrò rẹ obìnrin ló mú bírò, èmi ni mò ń sọ ọ́, ó sì ti fajú ro láti ìlà àkọ́kọ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gbẹ́ kànga. Ara mi ti yá. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà rẹ má bàa já. Ojú mi ọ̀tún ló fara pa, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, kò fọ́.

Bàbá rẹ wà, ó ní kí n kí ọ. Àwọn pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tó o fi ránṣẹ́, aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ pupa, tó o ní kí n máa fi dán omi eérú wò kí n tó dà á sínú epo tí mo fi ń se ọṣẹ, a rí wọn gbà. Mo ṣe bó o ṣe wí. Mo ti pépà pupa bọ omi eérú, ó di búlúù, mo sì gbóṣùbà fún ọ. O ní búlúù tó bá di pupa, nǹkan kíkan ló kàn án. Nígbà tí mo ti mọ ìyẹn, kò sí ohun tí mi ò dán wò nílé yìí. Mo fi kan iwájú orí bàbá rẹ níbi tó ti ń sùn tó ń làágùn lọ́sàn-án, pépà náà pọ́n. Mo ní ẹ ò rí i, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ọkùnrin yìí kan, ìwé ti wá jẹ́rìí mi. Ni mo bá ṣe ọṣẹ kan lọ́tọ̀ fún un, mo jẹ́ kí omi eérú inú ẹ̀ pọ̀ díẹ̀ kó lè bá kíkan ara ẹ̀ dọ́gba. Ó fi wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ara sì ń yún un títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó yà mí lẹ́nu, mo rò pé inú ẹ̀ á ti rọ̀ ni.

Ìwé rẹ kejì ló fa gbogbo wàhálà. O ní àwọn nǹkan kan wà, téèyàn bá pò wọ́n pọ̀ nínú ohun tó ní ìdérí, àwọn kan á máa di nǹkan tuntun, àwọn kan á máa padà di ohun tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀, títí iye tó ń lọ á fi bá iye tó ń bọ̀ dọ́gba. Wọn ò dúró o, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò wọ́n á rò pé wọ́n ti sùn. Ó yé mi. Ilé wa nìyẹn. Bí bàbá rẹ ṣe ń jáde ni aládùúgbò ń wọlé, àga ò ṣófo rí. O ní kí ẹnikẹ́ni má bàa sá jáde nínú wọn ni ìdérí ṣe wà. Ni mo bá dé ìkòkò omi eérú tó wà lórí iná pa, mo fi aṣọ dí ẹnu ẹ̀, mo gbé òkúta lé e. Mo jókòó tì í, mo ń retí ìgbà tí wọ́n á dọ́gba. Ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Mo tẹ̀ síwájú kí n gbọ́ wọn, àfi gbì! Òkúta fò, omi eérú sì ta sí mi lójú.

Ọmọ mi, o ò tíì rí oró. Mo ké sí àbúrò rẹ pé kó gbé ọsàn wẹ́wẹ́ wá kíá, kó fún un sí mi lójú, torí ìwọ fúnra rẹ lo kọ̀wé pé kíkan àti eérú máa ń pa agbára ara wọn.

Bọ̀ọ̀dá mi, èmi nìyí, kì í ṣe Màmá. Bàbá ti pè wọ́n sẹ́yìnkùlé, mo fẹ́ yára sọ nǹkan kan fún yín. Kò sí ọsàn kankan nílé lọ́jọ́ náà. Mẹ́fà ló wà nínú abọ́ tẹ́lẹ̀, èmi ni mo fún gbogbo ẹ̀ sójú ara mi láàárọ̀ nítorí irorẹ́ tó bò mí lójú. Mo jí i ni. Ìdí tí mo fi sáré lọ tọrọ ọsàn lọ́wọ́ Bàbá Oníbátìrì, tó ń gba bátìrì ọkọ̀ ṣe ní ilé kejì, nìyẹn. Ká ní ọsàn wà, ǹ bá ti fún un sí Màmá lójú, bẹ́ẹ̀ ohun tó lè fọ́ ojú náà tán pátápátá ni. Ọwọ́ mi yìí ni ǹ bá fi ṣe é. Gbogbo èèyàn ń yìn mí pé ẹsẹ̀ mi yá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa yìn mí. Bí wọ́n bá ti ń yìn mí ni mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ kí n má bàa sunkún níwájú wọn, wọ́n á wá ní ìgbéraga ń ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Màmá. Wọ́n ti ń bọ̀, mo máa ṣí sí ojú ìwé mìíràn kí wọ́n má bàa rí èyí.

Níbo ni mo dé? Ẹ̀ẹ́n. Dípò ọsàn, Bàbá Oníbátìrì ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí mi. Ó fà mí lọ sídìí àgbá omi, ó ní kí n la ojú, ó ń da omi sí i, ó ń dà á, ó ń dà á. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, kí wọ́n wá ọsàn fún mi. Ó ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ gbé ẹnu yín dákẹ́, áásíìdì, omi kíkan inú bátìrì, ni mo fi ń jẹun, mo mọ ìwà ẹ̀. Ó ní kíkan àti eérú á parí ìjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjà wọn gbóná, ta ló ní kí wọ́n wá jà á nínú ojú èèyàn? Ó ní omi ni, omi nìkan, omi púpọ̀. Àgbá kan tán, wọ́n tún pọn òmíràn. Mo tutù dé abẹ́ aṣọ bí ẹyẹ tó bọ́ sódò.

Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, wọ́n mú fọ́ọ̀mù wá. Wọ́n béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ní nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ná, kí ni wọ́n tún ń retí? Mo dárúkọ rẹ. Mo wá ń wo ẹnu ọ̀nà títí ọ̀sán fi pọ́n, mo rò pé wọ́n ti pè ọ́, mo tilẹ̀ ń bínú sí ọ díẹ̀ pé o ò wá. Má bínú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún mi ni pé ó dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá le kí wọ́n tó pe èèyàn.

Láàárọ̀ yìí ni nọ́ọ̀sì tú òwú ojú mi. Ó na ìka ọwọ́ sókè, ó ní mélòó ni. Mo ní mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n èékánná àárín ti kán, kí ló ṣe é? Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Bàbá rẹ tó ń ṣe bí ọkùnrin láti ọjọ́ yìí, ó yíjú sí ògiri, ó ń fọn ikun.

Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. A fẹ́ ra jígí ńlá tí àwọn tó ń jó irin máa ń fi bo ojú, a sì fẹ́ ra àgbá omi kan sí ibi tí mo ti ń se ọṣẹ. Tó o bá tún ń kọ́ mi ní nǹkan, má kọ apá kan kó o fi apá kejì sínú. Sọ ohun tó ń ṣiṣẹ́, kó o sì sọ ibi tí èèyàn ò gbọdọ̀ gbé e dé.

Mo ti gba bírò lọ́wọ́ àbúrò rẹ báyìí. Èmi Màmá rẹ ni mo ń kọ èyí fúnra mi. Mo fi ọwọ́ òsì bo ojú òsì, ọ̀tún yìí nìkan ni mo fi ń wò ó. Ìlà ìwé náà tín-ín-rín, mi ò sì tíì yà kúrò lórí ẹ̀. Bí mo ṣe ń rí ìlà yìí, bẹ́ẹ̀ ni màá rí ọ tó o bá dé. O ò ní fi ojú sunkún mi. Àṣẹ.